Orí Kẹrin: Àgbà A Dúró, Ọmọdé A Rìn

"Ó ti yọ! Ìbíwùmí, ó ti yọ lápá àríwá! Yí i sókè!"

Bàbá Láníhùn ló ń pariwo láti orí àpáta, níbi tó ti na ẹ́ríà rédíò sí ojú ọ̀run, tó ń yí gbogbo ara rẹ̀ tẹ̀lé ohun tí ojú rẹ̀ kò rí. Orúnkún baba náà kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì le koko. Ìbíwùmí tó wà nínú àgọ́ kò dá a lóhùn. Kí baba tó la ẹnu ló ti yí rédíò sókè. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí nọ́ọ̀bù, ọwọ́ òsì di máìkì mú, ojú rẹ̀ sì wà lára Amohùn.

Amohùn, ẹ̀rọ tó ń dá ohùn ènìyàn mọ̀, kò tóbi ju agolo bisikíìtì lọ. Ìjọba ló ni ín, wọ́n sì fi ṣéènì so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, àfi bí ẹni pé ẹnì kan lè fẹ́ràn rẹ̀ débi tí á fi jí i gbé. Iná méjì ló wà lára rẹ̀, pupa àti àwọ̀ ewé. Pupa ló ń tàn láti àárọ̀.

Ariwo kún etí Ìbíwùmí bí òjò orí páànù. Lábẹ́ ariwo yẹn ni ohùn kan ti jáde, tín-ín-rín, kíákíá, bí ohùn ọmọ tí wọ́n ń pa lẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ọmọ. Ìyá rẹ̀ ni, Ẹfúnyẹlá, tó ń sọ̀rọ̀ láti Ìlú Léfòó, níbi tí àwọn tí òkun gba ilé lọ́wọ́ wọn ń gbé lórí àgbá àti pákó láàárín agbami.

"Òkè Ìdànrè, Òkè Ìdànrè, Ìlú Léfòó ló ń pè. Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín, Màámi! Ẹ kú ìrọ́jú o!"

"Yé è! Ìbíwùmí! Ṣé ìwọ fúnra ẹ lo wà níbẹ̀?"

"Èmi ni, Màámi." Ó ń yí nọ́ọ̀bù wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀. Ohùn ìyá rẹ̀ ń kúrò ní ti ọmọdé, ó ń di ti àgbàlagbà. "Kò sí àyè fún ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ sọ orúkọ yín ní kíkún, kí ẹ sì sọ pé ẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún àyè ní yàrá mi. Amohùn ń gbọ́."

Ìbíwùmí tẹ̀ síwájú kí ó lè rí iná náà dáadáa, etí tábìlì sì gún un nínú ikùn. Ó ké "yéè" díẹ̀. Fèrèsé wà ní ṣíṣí. Bàbá Láníhùn gbọ́ ọ láti orí àpáta, ó sì ṣe ohun tí ọmọlúàbí èyíkéyìí máa ṣe bí ó bá gbọ́ tí aláboyún kérora.

"Pẹ̀lẹ́ o! A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o!"

Àdúrà rere ni. Ṣùgbọ́n ìka Ìbíwùmí ṣì wà lórí máìkì. Àdúrà náà gba ẹ́ríà lọ, ó kan Onírìnkèrindò, sátẹ́láìtì tó ń gbé ohùn wọn, lójú ọ̀run, ó sì balẹ̀ sí etí Ẹfúnyẹlá.

"Kí ni mo gbọ́ yẹn?" Ohùn ìyá ti tún yí padà, ó ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. "Ta ló lóyún?"

"Màámi, orúkọ yín! Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ yín!"

Ìbíwùmí yí nọ́ọ̀bù láti lé ohùn náà bá. Ó ti fẹ́ bá a, ohùn náà fò sí òdìkejì, ó wá rẹlẹ̀, ó wúwo bí ohùn ọ̀pọ̀lọ́. Ó lé e padà. Ó tún fò. Láàárín rẹ̀ ló gbọ́ "èmi, Ẹfúnyẹlá..." àti nǹkan mìíràn tó jọ "Arówólò," tí í ṣe orúkọ bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ariwo òjò orí páànù nìkan ló kù. Wọ́n ti lé ara wọn jáde kúrò lójú pópó. Pópó tí Onírìnkèrindò ń gbé ohùn gbà kò fẹ̀, ẹni tó bá sì yà kúrò nínú rẹ̀, àfi kó máa bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀.

Amohùn sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn tútù tí wọ́n fún gbogbo ẹ̀rọ ìjọba:

"Ohùn kò bára mu. Ẹni yìí kì í ṣe ẹni tó ní òun jẹ́."

"Òun ni, ìwọ àpótí òṣì yìí!" Ìbíwùmí fọwọ́ gbá tábìlì. "Òun ni!"

Bàbá Láníhùn wọlé, ó gbé ẹ́ríà ti ògiri, ó sì jókòó pẹ̀lú ìkérora tirẹ̀. Ó bu omi sínú ife kékeré, ìwọ̀nba tí ìjọba fún òun lóòjọ́, ó sì tì í sí iwájú obìnrin náà. Ìbíwùmí tì í padà.

"Mu ún. Ìwọ nìkan kọ́ lò ń mu fún."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ fún un."

"Sọ kí ni? Àdúrà ni mo gbà."

"Máìkì wà ní títẹ̀. Mi ò tíì sọ fún un pé mo lóyún. Mi ò fẹ́ kó gbọ́ rárá."

Baba náà wo ilẹ̀. Àánú ṣe é, ojú sì tì í, kò sì mọ èyí tí òun lè fi hàn nínú méjèèjì. "Ẹnu mi yìí," ló sọ. "Ẹnu mi yìí, Ìbíwùmí. Má bínú."

Kò lè bínú sí i. Yàrá kan, orúkọ méjì: òfin Ilé-iṣẹ́ Àyè nìyẹn, kò sì yẹ̀ fún ọba tàbí ìránṣẹ́. Orúkọ méjì ló ń gba omi, orúkọ méjì ló ń gba oúnjẹ, orúkọ méjì ló lè sùn lábẹ́ òrùlé náà. Ní yàrá Ìbíwùmí, orúkọ tirẹ̀ ni ọ̀kan. Ìkejì jẹ́ ti Adégorítẹ̀ ọkọ rẹ̀ títí di ọjọ́ tí odi òkun wó lu òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń mọ ọ́n. Àyè òkú kì í pẹ́ kó tó bọ́ lọ́wọ́ ilé. Bí kò bá rí orúkọ mìíràn fi dí i kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, Ilé-iṣẹ́ Àyè á fi fún ẹlòmíràn. Àárọ̀ ọ̀la náà ni ọkọ̀ ojú omi tó kẹ́yìn máa lọ kó àwọn tí a ti gba ohùn wọn ní Ìlú Léfòó, kí ìgbì tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbá náà ti ń já. Ẹni tí ọkọ̀ bá fi sílẹ̀, òkun ló ni ín.

"Ọmọ ńkọ́?" Bàbá Láníhùn béèrè, ó rọra béèrè rẹ̀.

"Ọmọ á lọ sí Ọgbà Ọmọ."

"Ní ibi jíjìn réré yẹn? Tí wọn ò ní jẹ́ kó mọ ẹni tó bí i?"

"Á wà láàyè níbẹ̀, Bàbá. Màámi ò ní wà láàyè lórí omi. Mo ti rò ó títí orí fi ń fọ́ mi. Ẹni tó máa wà láàyè níbi tí mi ò sí, àti ẹni tí kò ní wà láàyè rárá. Èwo ni kí n mú?"

"Òfin ní oyún náà lè gba àyè, bí àgbà ìdílé bá fi ohùn ara rẹ̀ pè é lórúkọ."

"Àgbà wo? Ẹyọ àgbà kan tí mo ní ló wà lórí omi yẹn. Kí n wá sọ fún un pé kó fi ẹnu ara rẹ̀ fún ẹlòmíràn ní ibi tó yẹ kó sùn? Àti pé láyé wo la ti ń sọ ọmọ lórúkọ kí a tó rí ojú rẹ̀?"

Àwọn tó ṣe òfin yẹn kò bi ẹnikẹ́ni léèrè kí wọ́n tó ṣe é, wọn kò sì tíì bímọ sí irú yàrá bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n jókòó. Òòrùn kúrò ní àtàrí, òjìji àpáta sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Onírìnkèrindò ti lọ yí ayé ká, á tún padà kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọjọ́ tó rọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ṣe sátẹ́láìtì náà láyé àtijọ́, fún eré, kí àwọn ọ̀rẹ́ lè máa fi rédíò bá ara wọn ṣàwàdà láti ìlú dé ìlú. Gbogbo àwọn tó ṣe é ti kú. Òun nìkan ló ṣì ń gba ohùn ará omi, nítorí kò sẹ́ni tó rántí láti kọ́ ọ ní ìkórìíra. Nígbà kan, ẹ̀rọ ló ń bá wọn yí rédíò tẹ̀lé e, tó ń sọ̀ ohùn rẹ̀ kalẹ̀ bó ṣe ń bọ̀, tó ń gbé e sókè bó ṣe ń lọ. Ṣùgbọ́n Onírìnkèrindò ti ń já wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò rìn bí ìṣirò ṣe wí mọ́. Ọwọ́ àti etí ló kù.

Ẹfúnyẹlá ló sì kọ́ ìdajì àwọn tó ní irú ọwọ́ àti etí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo etíkun.

"Ohun tí mi ò mọ̀ nìyí," Ìbíwùmí sọ. "Kí ló dé tí a fi sọ ara wa nù? Màámi kì í ṣe àṣìṣe lórí rédíò. Láti kékeré ló ti ń sọ fún mi: bí ẹni méjì bá wà lójú pópó, kí ẹnì kan dúró gbọin síbi tó wà, kí ẹnì kejì máa yí tẹ̀lé e. Àgbà a dúró, ọmọdé a rìn. Mo rìn. Ó yẹ kí n bá a níbi tó dúró sí."

"Àfi bí òun náà bá ń rìn."

"Kí ló máa mú òun rìn?"

Bàbá Láníhùn fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Ta ló ń wá ilé lọ́dọ̀ ta?"

Ìbíwùmí wò ó. Ó yé e, ó sì dùn ún wọra. Àlejò ló ń rìn tọ onílé lọ. Ìyá rẹ̀ ti jókòó lórí pákó tó ń mì, ó ti ro ara rẹ̀ sí ẹni tó ń tọrọ, ó sì rí i pé kò bójú mu kí ẹni tó ń tọrọ dúró kí onílé máa sáré tọ̀ ọ́ wá. Òun bọ̀wọ̀ fún ìyá, ìyá bọ̀wọ̀ fún onílé, àwọn méjèèjì sì ń lé ara wọn kiri títí wọ́n fi já sínú igbó.

"Báwo ni màá ṣe ṣe é báyìí? Bí mo bá rìn, tí òun náà bá tún rìn, ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án náà nìyẹn. Bí mo bá dúró, tí òun náà bá dúró, ohùn á máa yí padà bí Onírìnkèrindò ṣe ń kọjá, àpótí yìí á tún sọ pé kì í ṣe òun. Mi ò sì ní ọ̀nà tí mo lè fi bi í léèrè."

"Kí ló kọ́ ẹ?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún yín ni."

"Ṣe ohun tó kọ́ ẹ. Bó bá jẹ́ ìyá ni lóòótọ́, òun náà á rántí ohun tó kọ́ ọmọ rẹ̀."

Nígbà tí àkókò tó, baba náà gbé ẹ́ríà, ó sì gun àpáta lọ. Ìbíwùmí di máìkì mú. Ọmọ inú rẹ̀ ń yí, bí ẹni pé ó mọ̀ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ òun.

"Ó yọ!"

Ariwo. Lẹ́yìn náà, ohùn tín-ín-rín. Ìbíwùmí yí nọ́ọ̀bù wálẹ̀, ó rọra yí i. Ohùn náà kò fò. Ó yí i sí i. Ohùn náà kò kúrò níbi tó wà, ó ń dúró dè é. Títínrín rẹ̀ bọ́ dànù, ó sì ku ohùn tí Ìbíwùmí mọ̀ kó tó mọ ọ̀rọ̀ kankan láyé, pẹ̀lú híhá tó wà nínú rẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti ń fi igi tútù dáná.

"...mo ti dúró, Ìbíwùmí. Mo ti dúró o. Lọ́sàn-án, mo ní èmi ni mò ń wá ilé, èmi ni kí n rìn. Mi ò ro ti ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ẹ. Máa bọ̀, máa rọra bọ̀."

"Mo ti dé, Màámi." Omijé ti bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ti bá yín."

Iná pupa kú. Iná àwọ̀ ewé tàn.

"Ohùn bára mu," Amohùn sọ. "Ẹfúnyẹlá Arówólò, àgbà ìdílé. Ẹ sọ orúkọ ẹni tí yóò gba àyè."

"Màámi, ẹ sọ ọ́! Ẹ sọ orúkọ yín kíákíá!"

"Oṣù mélòó ni?"

"Màámi!"

"Mo ní oṣù mélòó ni, Ìbíwùmí."

"Ó ti wọ oṣù keje. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ orúkọ yín, Onírìnkèrindò ti dé àárín."

"Mo mọ ibi tó dé. Ta ló kọ́ ẹ?" Ẹfúnyẹlá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì mọ́ bí ìgbà tó bá wà nínú yàrá. "Oṣù keje. Oyún ọkọ ẹ tó lọ. O wá fẹ́ kó o lọ kó o fún àwọn ará Ọgbà Ọmọ, kó o lè fi mí sípò ẹ̀. Èmi tí mo ti jẹ iyọ̀ tó òkè."

"Ó ti yé mi. Mo ti rò ó. Ẹ má jẹ́ kí..."

"Rẹ̀mílẹ́kún," ni ìyá rẹ̀ sọ.

Bàbá Láníhùn gbọ́ ọ láti orí àpáta, ó sì ké "Háà!" Kò sí ẹni tó ń sọ ọmọ lórúkọ nínú ikùn. Ẹ̀rù irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń ba àwọn ènìyàn, ó sì yẹ kó máa bà wọ́n.

"Rẹ̀mílẹ́kún ni orúkọ ẹni tí yóò gba àyè," Ẹfúnyẹlá tún sọ, kedere, ó ń fa ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. "Ọmọ Ìbíwùmí ni. Ọmọ Adégorítẹ̀ ni. Èmi ìyá àgbà rẹ̀ ló sọ ọ́."

"A gbọ́: Rẹ̀mílẹ́kún," Amohùn sọ. "Onílé, ṣé ẹ gbà?"

Ọwọ́ Ìbíwùmí ṣì ń yí nọ́ọ̀bù, nítorí bí ó bá dáwọ́ dúró, ohùn á wálẹ̀, á wúwo, ẹ̀rọ ò sì ní mọ ìyá rẹ̀ mọ́. Onírìnkèrindò ti ń tẹ̀ sí apá òkun.

"Màámi, mi ò gbà. Ẹ yí i padà. Àyè ṣì wà, ẹ pe orúkọ yín."

"Mi ò ní pè é."

"Òkun máa gbé yín lọ!"

"Mo mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, Ìbíwùmí. Má rò pé kò bà mí. Lójoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ tí okùn ń já. Ṣùgbọ́n bí mo bá wá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ yẹn, mi ò ní rí oorun sùn. Màá máa wò ẹ́, ìwọ náà á máa wò mí, a ò ní lè pe orúkọ ẹ̀ láàárín ara wa títí mo fi máa kú. Irú ilé wo nìyẹn?"

"Onílé," Amohùn tún sọ, "ṣé ẹ gbà? Bí ìbánisọ̀rọ̀ bá já láìsí èsì, àyè náà padà sí Ilé-iṣẹ́ Àyè."

"Ìbíwùmí!" Bàbá Láníhùn ké láti ìta. "Ó ń wọ̀ o! Ó ti kan orí igi!"

"Ṣé o gbọ́ ọ?" Ìyá rẹ̀ ń sáré sọ̀rọ̀ báyìí. "Bí o bá kọ̀, ìjọba ló gbà á. Èmi ò ní í, ọmọ ò ní í. Má fi ẹ̀rọ yẹn pa àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Dá a lóhùn. Àsàkẹ́ mi, ọmọ tí mo tọrọ tọrọ kí n tó rí i, dá a lóhùn kí n gbọ́. Mo fẹ́ gbọ́ ọ létí ara mi."

Ìbíwùmí fi ọwọ́ òsì tẹ máìkì mọ́ àyà rẹ̀ bí ẹni fẹ́ fún un pa, lẹ́yìn náà ó gbé e sí ẹnu.

"Mo gbà," ló sọ.

"A ti kọ ọ́," Amohùn sọ. "Omi Rẹ̀mílẹ́kún yóò bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ ọ̀la."

"O ṣeun," ni Ẹfúnyẹlá sọ. "O ṣeun, ọmọ mi. Nísinsìnyí, jẹ́ kí n rí bí ọwọ́ ẹ ṣe rí. Mú mi dání dé òpin, má jẹ́ kí ohùn mi bàjẹ́."

Ẹ̀rọ kò nílò ohùn náà mọ́, iṣẹ́ ti parí. Ìbíwùmí ṣì ń yí i. Kò tíì yí rédíò dáradára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń kì í, ó ń ki Àsàkẹ́, ó ń ki Adégorítẹ̀ tó lọ, ó bọ́ sórí oríkì ìdílé wọn, ó ń to orúkọ àwọn tó ti kú jọ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ọmọ inú lè gbọ́ wọn, kò sì sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó ga jù tàbí tó wálẹ̀ jù. Ìbíwùmí mú un dání bẹ́ẹ̀, ó ń sunkún, ó ń yí i, títí ariwo fi gorí ọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ fi di ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan náà fi tán.

Bàbá Láníhùn ti rìn dé etí àpáta, ó na ẹ́ríà jáde sí apá òkun débi tí apá rẹ̀ lè gùn dé.

"Ó ti wọ̀, ọmọ mi," ló sọ.

"Ẹ má sọ̀ ọ́ kalẹ̀, Bàbá."

"Ó ti wọ̀, Ìbíwùmí."

"Mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Baba náà tún ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé lórí àpáta, ó sì na ẹ́ríà náà síbẹ̀.